Ẹ̀rọ Tí Asiata Bá Ládépọ̀ Ná

Àwọn kan máa ń sọ pé ìfẹ́ kò mọ ìṣirò. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì bá ọmọ oníṣòwò Ìtokú pàdé. Asiata ọmọ Alhaji Sàlàhúdíìnì mọ ìfẹ́, ó sì mọ ìṣirò. Ìgbà tó fi ọ̀kan ṣe èkejì ló di ẹni tó ń dá jókòó.

Bàbá rẹ̀ ń ta aṣọ ní Ìtokú, níbi tí bàbá tirẹ̀ náà ti tà á. Ìyá rẹ̀ ń rẹ aró lẹ́yìnkùlé, Asiata ló sì ń kó àdìrẹ náà lọ sọ́jà. Kò sí aṣọ tó máa fọwọ́ kàn tí kò ní mọ iye tó tó àti iye tí ẹni tó gbé e wá máa gbà nígbẹ̀yìn. Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti relé ọkọ tán, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ti lọ. Tí ọjà bá tú nírọ̀lẹ́, òun àti ìyá rẹ̀ á jókòó ti ìkòkò aró, ìyá rẹ̀ á máa tòògbé, òun á máa kọrin sí ara rẹ̀ lẹ́nu.

Orin yẹn ni Ládépọ̀ gbọ́. Ó wá ra àdìrẹ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ máa wọ̀ lọ síbi ìkómọ kan ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ jẹ́jẹ́, kò sì mọ ọjà ná rárá. Iye tí Asiata kọ́kọ́ pè ló ń kà jáde lápò.

Ó dun Asiata. "Ẹ ò ní ná an ni?"

"Ṣé ó yẹ kí n ná an?"

"Ẹ gbà mí o! Ẹ kọ́kọ́ sọ pé ó wọ́n."

"Ó wọ́n," ni Ládépọ̀ wí, bí ọmọ tó ń ka ìwé tẹ̀lé tíṣà.

"Ó wọ́n kẹ̀? Àdìrẹ ìyá mi lẹ ń pè bẹ́ẹ̀?"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Bó ṣe ń ká aṣọ náà fún un ló tún bẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀ láìmọ̀, nígbà tó máa gbójú sókè, ọkùnrin náà ń wò ó. Ó ní òun ní yàrá kan ní Òkè-Ìlèwó tí òun ti ń gba orin sílẹ̀. Ó ní ṣé ó lè wá bá òun kọ ègbè.

"Èmi? Ọmọ Alhaji?"

"Alhaji kọ́ ni mo ní kó wá kọ ọ́."

Ó lọ. Yàrá náà wà lókè ilé ìtajà kan tí wọ́n ti ń ta bébà àti gègé. Páálí ẹyin ni Ládépọ̀ lẹ̀ mọ́ gbogbo ògiri kí ariwo má bàa jáde. Ọkùnrin márùn-ún ló bá níbẹ̀, pẹ̀lú gìtá àti ìlù. Èyí tó ń jẹ́ Dìran nínú wọn, onílù, kì í yé pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ègbè tí wọ́n fún Asiata kò ju ìlà kan lọ: "Dúró dè mí, mo ń bọ̀." Ó kọ ọ́ tán. Dìran ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má jẹ́ kí eléyìí padà sọ́jà o."

Ládépọ̀ náà kò sì fẹ́ kó padà. Kò pẹ́ tó fi ní kó yé pe òun ní "ẹ", kó yé pe òun ní Bọ̀dá Ládépọ̀. Ó kọ́kọ́ wúwo lẹ́nu Asiata, lẹ́yìn náà ó di oyin.

Àǹtí Bùsírátù, àbúrò bàbá rẹ̀, ló bá wọn ṣe alárinà. Obìnrin yìí ti so ọ̀pọ̀ ìgbéyàwó pọ̀ ní àdúgbò, ó sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju ẹran lọ. Ó wọlé tọ Alhaji lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti kírun tán, nígbà tí inú rẹ̀ máa ń dùn.

"Olórin?" ni Alhaji bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe alágbe o. Ó ń gba orin sílẹ̀ ni. Ó ní yàrá iṣẹ́ ní Òkè-Ìlèwó."

"Ènìyàn mélòó ló ń bá a jẹ nínú yàrá náà?"

"Wọ́n jẹ́ márùn-ún."

Alhaji mi orí. "Mi ò sọ ti ẹ̀sìn o, Bùsírátù. Nílé wa níbí, Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ti ń jọ jẹun láti ayébáyé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ènìyàn márùn-ún ń bu iṣẹ́ rẹ̀ jẹ, kí ló máa kù lábọ́ fún ọmọ mi? Tó bá ti lè dá iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, kó padà wá."

Asiata dúró lẹ́yìn aṣọ ìlẹ̀kùn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sunkún. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ dún létí rẹ̀ bí iye tí oníbàárà dá lé ọjà, èyí tí wọ́n ṣì lè sọ̀rọ̀ lé lórí.

Lásìkò yẹn, ìyẹn ní nǹkan bí ọdún 1989, Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀, ti mú kí gbogbo ohun tó ti òkè òkun wá gbówó lórí. Síbẹ̀, Theophilus, ọ̀rẹ́ Ládépọ̀ tó ń ta ẹ̀rọ orin ní Òkè-Ìlèwó, ti rí ọ̀kan gbà tí kò tíì sí irú rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ládépọ̀ wá mú Asiata lọ́jà lọ sí ìsọ̀ rẹ̀.

"Bá mi wò ó," ló wí. "Bá mi ná an. Ìwọ lo mọ ọjà."

Ẹ̀rọ náà kò ju tírè tí wọ́n fi ń gbé tíì fún àlejò lọ. Ojú rọ́bà mẹ́rìndínlógún ló wà lára rẹ̀. Theophilus tẹ ọ̀kan, ìlù ńlá dún. Ó tẹ òmíràn, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ dún. Tó bá tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, á dún jẹ́jẹ́, tó bá gbá a, á pariwo. Bó bá ti fi ìka lu ìlù náà lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ náà á máa lù ú lọ fúnra rẹ̀, á sì dúró de èyí tí wọ́n máa fi lé e. Kò nílò ẹ̀rọ mìíràn, kò nílò ẹnikẹ́ni. Èyí tó wá jọ Asiata lójú jù ni pé ó ní etí. Ohunkóhun tí wọ́n bá fi gbohùngbohùn gbà sí i nínú, á gbé e mì, wọ́n á sì máa fi ìka pè é jáde.

Ládépọ̀ ní ẹ̀rọ ìlù kékeré kan tẹ́lẹ̀, èyí tó ń dún kò, kò, kò bí ẹni tó ń kan ìlẹ̀kùn. Theophilus ní wọ́n lè tú u, kí wọ́n fi ohùn tuntun sí i nínú, kò ní wọ́n tó ti tuntun.

Asiata bi í pé, "Tí ẹ bá fi ohùn sí ti tẹ́lẹ̀, ṣé ó máa gbọ́ ohùn ènìyàn?"

"Rárá. Èyí tí òyìnbó bá dì sí i nínú nìkan ló mọ̀."

"Ti tuntun yìí ńkọ́? Báwo ló ṣe lè rántí tó?"

Theophilus họ orí. "Ìrántí tó bá a wá kò pọ̀. Gbólóhùn kan, méjì. Tí ẹ bá fẹ́ kó rántí púpọ̀, wọ́n máa fi ìrántí kún un. Owó ọ̀tọ̀ nìyẹn."

Asiata rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi máa ń sọ pé aṣọ funfun kì í tán èèyàn lówó, aró ni. Bọ̀dá Theophilus, ẹ ò ta ẹ̀rọ, aró lẹ ń tà."

Ó wo ẹ̀rọ náà títí. Nǹkan tó ń rò nínú ọkàn rẹ̀ kò ní í ṣe pẹ̀lú orin. Ó ń rò pé èyí kì í jẹun. Kì í pẹ́ lẹ́yìn, kì í gba owó ọkọ̀, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ń gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ pé tó bá ti lè dá iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, kó padà wá. Ó yíjú sí Ládépọ̀, ó ní, "Rà á. Fi ti ìrántí sílẹ̀ ná." Lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí Theophilus, ó ná an títí òógùn fi bọ́ lójú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbé ẹ̀rọ náà gòkè lọ, inú Asiata dùn bí ẹni tó ti fẹ́ ọkọ tán.

Ládépọ̀ kò lé ẹnikẹ́ni nínú àwọn márùn-ún yẹn. Ìwà rẹ̀ kò gbà á. Kìkì pé ẹ̀rọ ń ṣe iṣẹ́ wọn, kò sì sí ìdí tó fi máa ránṣẹ́ pè wọ́n. Nígbà tó ṣe, wọ́n fọ́nká. A gbọ́ pé Dìran ti ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní Ewékorò.

Àkókò tó tẹ̀lé e ni Asiata gbádùn jù láyé rẹ̀. Ìrántí ẹ̀rọ náà kéré. Bí wọ́n bá gba ègbè Asiata sí i fún orin kan, wọ́n gbọ́dọ̀ pa á rẹ́ kí ó tó lè gba ti òmíràn, nítorí náà ó ní láti máa lọ lóòrèkóòrè. Ládépọ̀ á dé iwájú ìsọ̀ rẹ̀ ní Ìtokú, á dúró bí ẹni tó fẹ́ ra aṣọ, á wá rọra sọ pé, "Ẹ̀rọ ti gbàgbé rẹ o."

"Ẹ̀rọ burúkú!" Asiata á dáhùn. "Ta ló ní kó gbàgbé mi?" Kó tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó ti ń kó aṣọ sínú ilé.

Lọ́jọ́ kan, Ládépọ̀ gbé gbohùngbohùn wá sí ẹ̀yìnkùlé wọn, ó gba ìró igi tí wọ́n fi ń lu aṣọ aró kó lè máa dán. Ìyá Asiata ń lu aṣọ, ó ń fi ojú kan wo ọkùnrin náà. Ó ní, "Asiata, ṣé orí ọ̀rẹ́ rẹ yìí pé?" Ṣùgbọ́n ó bu omi tútù fún un, ó sì ní kó jókòó. Asiata mọ̀ pé nǹkan ti ń bọ́ sípò.

Alhaji náà gbọ́ pé àwọn márùn-ún ti lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Lásìkò náà gan-an ni àwọn kan ní Èkó sọ pé àwọn fẹ́ kí Ládépọ̀ ṣe odidi rẹ́kọ́dù kan. Ó pe Asiata sí yàrá rẹ̀, ó ní òun ti fi nǹkan pamọ́ díẹ̀, kò sì lè ṣe ohun méjì.

"Ṣé ká fi ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́ kí ọdún tó parí, àbí ká fi ìrántí kún ẹ̀rọ?"

Ó ń wò ó nígbà tó ń bi í. Asiata rí ojú náà, ó mọ̀ pé mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́ ló fẹ́ kí òun mú. Gbogbo ara rẹ̀ ló sì fẹ́ mú un. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé ọjà lèèyàn kọ́kọ́ ń bọ́ kí ọjà tó bọ́ni, pé ẹni tó bá jẹ owó òwò níbi ayẹyẹ, ẹ̀yìn ayẹyẹ ni ebi máa pa á. Ẹnu ọmọ Ìtokú ló fi dáhùn.

"Fi kún un. Ọdún tó ń bọ̀ kò jìnnà."

Ládépọ̀ ní, "Ìwọ lo mọ ọjà."

Wọ́n fi ìrántí kún un, pẹ̀lú páálí dísíìkì kan tí wọ́n máa fi tọ́jú ohùn. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni Asiata fi kọ gbogbo ohùn tó ní sí i: èyí tó ga, èyí tó rẹlẹ̀, "dúró" lọ́tọ̀, "mo ń bọ̀" lọ́tọ̀. Ládépọ̀ ń yọ̀. Ó sìn ín dé ìsàlẹ̀, ó ní, "Láti òní lọ, ẹ̀rọ kò ní gbàgbé rẹ mọ́."

Òótọ́ ló sọ. Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ, kò sí ẹni tó wá dúró níwájú ìsọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Asiata ń sọ fún ara rẹ̀ pé iṣẹ́ ló pọ̀. Ó ń tún gèlè wé nígbà tí kò sí ẹni tó ń wò ó. Bí oníbàárà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán, á dìde, á tún jókòó. Ládépọ̀ ń ránṣẹ́ kí i o, láti ọwọ́ Àǹtí Bùsírátù, ó ní kó má bínú, iṣẹ́ àwọn ará Èkó ti ń parí. Asiata kò bínú. Àárò ló ń sọ ọ́, àárò ẹni tó wà ní ìlú kan náà pẹ̀lú rẹ̀, tí ẹsẹ̀ lásán lè gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Alhaji kì í fọmọ fọ́kọ láìṣèwádìí. Ó rán Bùsírátù lọ sí Ewékorò kó lọ bi àwọn tó ti bá ọkùnrin náà ṣiṣẹ́. Bùsírátù bá Dìran nínú eruku funfun, ó sì padà wá jábọ̀ ní pálọ̀, Asiata jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

"Mo ní, ṣé ó rẹ́ yín jẹ ni? Ó ní rárá. Mo ní, ṣé ó máa ń bínú? Ó ní, 'Ẹ̀yin ìyá, kò bú wa rí. Kò ṣe wá ní ibi kankan. Ó kàn ṣíwọ́ pípè wá ni.'"

Alhaji mi orí pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn. "Kò jalè, kò bú ènìyàn, ó sì ń dá iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Kí ni mo tún ń wá? Ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú."

Àǹtí Bùsírátù bú sórin, ìyá Asiata ń nu ojú. Asiata nìkan ló jókòó bí ẹni tí omi tútù dà lé lára. Ó kàn ṣíwọ́ pípè wá ni. Gbólóhùn náà ń lọ, ó ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ó gba Òkè-Ìlèwó lọ lọ́sàn-án. Ó ti gòkè tán kó tó gbọ́ obìnrin tó ń kọrin nínú yàrá. Ó kọ́kọ́ yí padà bí ẹni tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó yá ló dá ohùn náà mọ̀. Òun ni. Òun méjì, òun mẹ́ta, wọ́n ń dá orin kan wọ́n ń gbè é, orin tí kò kọ rí láyé rẹ̀.

Ládépọ̀ ṣílẹ̀kùn, ojú rẹ̀ tàn. "Wá gbọ́! Ìwọ mẹ́rin ni mo kó jọ síbí yìí." Ó fi ìka tẹ rọ́bà, Asiata dáhùn láti inú ẹ̀rọ. "Mo ń gbọ́ ohùn rẹ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi pé o kò kúrò níbí rárá."

"Ládé, ìgbà wo lo ti rí mi kẹ́yìn?"

Ó ronú. Ó ronú pẹ́, ó sì hàn pé kò mọ̀. Ó ní, "Ṣebí lọ́jọ́ Àìkú la máa ríra?" Ọwọ́ rẹ̀ ti padà sórí ẹ̀rọ.

Asiata rìn délé. Ó bá ara rẹ̀ ṣe àdéhùn kan lójú ọ̀nà, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni: tí Ládépọ̀ bá lè wá pe òun kí Àìkú tó pé, kó jẹ́ ìbéèrè kékeré, kó jẹ́ ègbè ìlà kan, òun á fẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀, òun á sì gbàgbé èyí tó kù. Ó ṣí ìsọ̀ kùtùkùtù, ó tì í lẹ́yìn gbogbo ènìyàn. Ládépọ̀ kò wá.

Lọ́jọ́ Àìkú, pálọ̀ Alhaji kún. Àwọn ẹbí Ládépọ̀ dọ̀bálẹ̀, Theophilus ló ń gbẹnu sọ fún wọn, èdè sì dùn lẹ́nu rẹ̀. Nílé Alhaji, wọn kì í gba ẹrù ìyàwó títí bàbá yóò fi bi ọmọbìnrin náà léèrè lójú gbogbo ènìyàn, tí yóò sì fẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Wọ́n pe Asiata jáde. Ó kúnlẹ̀, ó bojú wo ilẹ̀.

Kí Alhaji tó lanu, Theophilus rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ní ẹ̀bùn kan. Ó gbé rédíò káséètì síwájú, ó tẹ̀ ẹ́. Ìlù bẹ̀rẹ̀, ìró aṣọ tí wọ́n ń lù lẹ́yìnkùlé wọn wà nínú rẹ̀, ohùn Asiata sì kún gbogbo pálọ̀: "Dúró dè mí, mo ń bọ̀."

Ilé hó yèè. Ìyá Ládépọ̀ ń pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ o!" ni Theophilus kígbe. "Ìyàwó wa ti dáhùn! Ẹ ò tún nílò láti bi í mọ́!" Ládépọ̀ náà ń rẹ́rìn-ín, rédíò ló sì ń wò.

"Ẹ pa á," ni Alhaji wí.

Wọ́n pa á.

"Theophilus, ẹ ṣeun. Ó dùn. Ṣùgbọ́n ọmọ mi rèé lórí ìkúnlẹ̀ níbí. Ẹnu rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́." Ó tẹ̀ síwájú lórí àga. "Asiata, ṣé o fẹ́ ẹ? Ṣé ká gba ẹrù wọn?"

Kò dáhùn. Gbogbo ènìyàn rò pé ìtìjú ni, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Alhaji bi í lẹ́ẹ̀kejì. Asiata gbójú sókè wo Ládépọ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀ o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Alhaji bi í lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, bí ìgbà tí Asiata ṣì jẹ́ ọmọ kékeré.

"Bàbá," ni Asiata wí, "ẹni tó dáhùn lẹ́ẹ̀kan yẹn, èmi kọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n máa gbé ẹrù wọn lọ."

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lẹ́yìn ìyẹn pọ̀, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Àǹtí Bùsírátù kò bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Alhaji kò bi í léèrè kankan mọ́. Ó kàn ní kí wọ́n gbé oúnjẹ fún un.

Ládépọ̀ wá sí ẹ̀yìnkùlé nígbà tó yá, ó dúró ti ìkòkò aró, ojú rẹ̀ pọ́n. "Kí ni mo ṣe? Sọ fún mi. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni, màá tà á lọ́la."

"Ẹ má tà á," ni Asiata wí. "Ẹ̀rọ dáadáa ni. Èmi ni mo bá yín ná an, mo mọ̀. Ẹ ò ṣe nǹkan kan, Bọ̀dá Ládépọ̀. Ẹ kàn ṣíwọ́ pípè mí ni."

Ó gbọ́ "ẹ" náà, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ó yí padà, ó lọ.

Rẹ́kọ́dù náà jáde, ó sì tà. Lọ́jọ́ kan, Asiata ru àdìrẹ kọjá ní Òkè-Ìlèwó, wọ́n ń lù ú níwájú ìsọ̀ kan. Obìnrin kan dúró níbẹ̀ tó fẹ́ rà á.

"Ta ló ń kọ ègbè yìí?" ni obìnrin náà bèèrè. "Ohùn rẹ̀ mà dùn o."

"Ẹ̀rọ ni, mà," ni ẹni tó ń tà á dáhùn. "Kò sí ènìyàn níbẹ̀."

Asiata la ẹnu, ó tún pa á dé. "Dúró dè mí, mo ń bọ̀," ni ohùn náà ń kọ. Ó dúró dè é títí ó fi parí, ó wá tún ẹrù gbé sórí, ó gba ọ̀nà Ìtokú lọ.